Ibn al-Baytar: Ọmọ Oníṣègùn Ẹran tí Ó Mọ Orúkọ Ewé



Bí ènìyàn bá yà sí ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà wa láàárọ̀, yóò bá wọn láàárín ewé tútù, ewé gbígbẹ, èèpo igi àti gbòǹgbò. Oníbàárà á dé, á dárúkọ ewé tí ó ń wá. Ẹlẹ́wé ọmọ á nawọ́, á fa ìdì kan yọ, owó á sì kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá ewé tí ẹnì kan ní lọ́kàn ni èkejì fà yọ. Bẹ́ẹ̀, orúkọ tí àwọn ará ìlú kan ń pe ewé kan lè jẹ́ orúkọ ewé mìíràn ní ìlú tí kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ sí wọn. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ọmọ aláìsàn tí yóò mu àgbo náà nílé ni yóò jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn tí Mùsùlùmí kan ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà nítorí rẹ̀. Kò jà pẹ̀lú idà, ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ ni ó fi jà, nítorí pé ó rìn láti ìpẹ̀kun Sípéènì títí dé Síríà kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ewé kọ̀ọ̀kan níbi tí ó ti ń hù. Orúkọ rẹ̀ ni Abdallah ọmọ Ahmad, ṣùgbọ́n Ibn al-Baytar ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ó kan ẹni tí ń ta ewé, ó kan ẹni tí ń ta ẹ̀pà àti èlùbọ́, ó sì kan ẹni tí ń jẹ wọ́n.

Ìlú Málaga, ní etí òkun gúúsù Sípéènì, ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1197. Nígbà náà, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni apá ilẹ̀ náà wà, Andalúsì ni wọ́n sì ń pè é. Ìtumọ̀ orúkọ Ibn al-Baytar ni ọmọ oníṣègùn ẹran, ìyẹn ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin àti ẹran ọ̀sìn. Ẹni tí ń tọ́jú ẹran mọ̀ pé ẹran kò lè fi ẹnu sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú sùúrù. Ìwà méjì yìí, ojú tí ó ń ríran dáadáa àti sùúrù, ni a ó rí nínú iṣẹ́ Abdallah títí tí ó fi kú.

Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ sí ìlú Seville láti kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abu al-Abbas, tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ orúkọ, tí wọ́n ń pè é ní al-Nabati, èyí ni olùmọ̀ ewéko. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ọkùnrin yìí. Onímọ̀ hádíìsì pàtàkì ni. Àwọn ènìyàn ń wá gba hádíìsì lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní ìsọ̀ kan ní Seville tí ó ti ń ta egbòogi, kò sì ka òwò náà sí ohun tí ó kéré sí ipò àlùfáà. Bí a bá rò ó dáadáa, iṣẹ́ méjèèjì jọra. Onímọ̀ hádíìsì kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí pé ó dùn. Yóò béèrè ẹni tí ó sọ ọ́, yóò béèrè ẹni tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, yóò sì wá ibi tí irọ́ tàbí àṣìṣe ti lè wọ̀ ọ́. Bákan náà ni al-Nabati ń ṣe sí ewé. Ó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí inú igbó àti etí odò Seville, wọ́n ń fa ewé tu, wọ́n ń wo gbòǹgbò rẹ̀, òdòdó rẹ̀ àti èso rẹ̀, kí wọ́n tó sọ pé báyìí ni orúkọ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1219, Ibn al-Baytar dágbére fún ilẹ̀ Sípéènì. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ó gba etí òkun àríwá Áfíríkà lọ, ó la Mòrókò kọjá, ó dé Bìjáyà àti Constantine ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlìjíríà lónìí, ó dé Túnísì, ó dé Trípólì, ó sì gba Barqa lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ó tún dé ilẹ̀ Tọ́kì ti òní. Ní gbogbo ibi tí ó dé, nǹkan mẹ́ta ni ó ń ṣe. Ó ń wá ewé, ó ń wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, ó sì ń béèrè orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ì báà jẹ́ ní èdè Lárúbáwá, ti Bẹ́rẹ́bẹ̀, ti Gíríìkì tàbí ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì Sípéènì.

Ní agbègbè Bìjáyà ni ó ti bá ohun kan pàdé tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ nínú ìtàn yìí. Àìsàn kan wà tí ń mú kí dúdú ara bọ́ lójú kan, kí ibẹ̀ sì funfun báláú, ní ojú, ní ọwọ́ tàbí ní ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í sì í ràn. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo méjèèjì láyé àtijọ́, títí di òní pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ní in máa ń bo ara, òmíràn kì í lè fẹ́ ìyàwó, òmíràn kì í lè ta ọjà. Ìdílé Bẹ́rẹ́bẹ̀ kan ní agbègbè Bìjáyà ní oògùn rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá wọn. Ṣùgbọ́n ìdílé náà kì í sọ ohun tí ó wà nínú oògùn náà fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ni ó ń sọ ọ́ fún ọmọ, ó sì di ohun ìní wọn.

Àṣírí náà padà tú. Ewéko kan ni, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ atrilal ní èdè Bẹ́rẹ́bẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹyẹ. Èso rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń fún aláìsàn lò pẹ̀lú oyin. Lẹ́yìn èyí, aláìsàn yóò jókòó sínú oòrùn gbígbóná, yóò ṣí ibi tí ó funfun náà sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Ibẹ̀ yóò lé ròrò bí ibi tí iná jó, nígbà tí ó bá sì san, àwọ̀ ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Ibn al-Baytar kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, láti orí èso títí dé orí oòrùn. Ohun tí ìdílé kan fi pamọ́ di ohun tí gbogbo ayé lè kà.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ní àwọn ọdún 1940, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún méje lẹ́yìn ikú Ibn al-Baytar, àwọn onímọ̀ ní Íjíbítì mú èso ewéko yìí kan náà, wọ́n yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jáde, àwọn dókítà sì lò ó fún àìsàn yìí kan náà. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni oríṣi ìtọ́jú kan ti jáde tí ilé ìwòsàn ńláńlá ń lò, tí wọ́n fi ń lo oògùn náà pẹ̀lú iná tí ó dà bí ìtànṣán oòrùn. Wọ́n tún rí i pé kì í ṣe ohun eré: oògùn náà ń mú kí oòrùn jó ara ju bí ó ti yẹ lọ, bí a bá sì lò ó láìsí ìwọ̀n, ó lè fa jẹjẹrẹ ara. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtàn yìí ṣe oògùn nínú ilé. Àǹfààní ìtàn náà ni pé ẹni tí ó kọ òtítọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ó dájú, ẹni tí a kò tí ì bí lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ìrìn àjò rẹ̀ mú un dé Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 1224. Ọba Al-Kamil, ọmọ àbúrò Saladin, ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Ọba yìí gbọ́ nípa ìmọ̀ rẹ̀, ó gbà á sí ààfin, ó sì fi í ṣe olórí gbogbo àwọn olùmọ̀ ewé ilẹ̀ náà. Ipò yìí kì í ṣe ipò yẹpẹrẹ. Ọjà egbòogi Káírò gbòòrò, ọjà ń ti Íńdíà wá gba Òkun Pupa, ó ń ti Sípéènì wá, ó ń ti Síríà wá. Níbi tí owó bá pọ̀ tó báyìí, ẹlẹ́tàn kì í jìnnà. Nínú ìwé tí al-Shayzari kọ fún àwọn tí ń ṣọ́ ọjà, ó ka onírúurú jìbìtì tí àwọn kan ń ṣe: àwọn tí ń da oògùn olówó ńlá pọ̀ mọ́ omi ewé olówó kékeré, àti àwọn tí ń lú ohun tí kì í ṣe ti ara rẹ̀ mọ́ ọjà kí ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Òfin Ìsìláàmù fi alábòójútó sí ọjà nítorí irú èyí, ìwọ̀n àti òtítọ́ ọjà sì wà lára ohun tí Ọlọ́hun yóò béèrè. Ṣùgbọ́n alábòójútó tí kò mọ ewé, báwo ni yóò ṣe mú ẹni tí ń lú u? Ìdí nìyẹn tí ọba fi nílò ẹni bí Ibn al-Baytar.

Nígbà tí ọwọ́ Al-Kamil tẹ Damásíkù, Ibn al-Baytar bá a lọ sí Síríà. Níbẹ̀ ni ó ti ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, dókítà ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Ibn Abi Usaybi'a, tí ó wá kọ ìwé ńlá nípa ìgbésí ayé àwọn oníṣègùn. Òun ni ó jẹ́ kí a mọ irú ènìyàn tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́. Ó ṣàlàyé pé àwọn méjèèjì jọ ń jáde lọ sí ẹ̀yìn odi Damásíkù láti wo ewé níbi tí wọ́n ti ń hù. Ó ní ìwà rẹ̀ dára, ó lawọ́, kò sì gbéraga. Ohun tí ó ya akẹ́kọ̀ọ́ yìí lẹ́nu jù ni pé bí wọ́n bá ti rí ewé kan, ọ̀gá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dárúkọ tí Dioscorides ará Gíríìkì pè é, yóò sọ bí ó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, yóò sọ ohun tí Galen sọ, yóò wá sọ ti àwọn Mùsùlùmí tí ó tẹ̀ lé wọn, yóò sì tọ́ka sí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ṣe àṣìṣe. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá délé tí ó ṣí ìwé, yóò bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti sọ ọ́.

Ọba Al-Kamil kú ní ọdún 1238. Ibn al-Baytar ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, Al-Salih Ayyub, ọba yìí ni ó sì kọ ìwé rẹ̀ méjì tí ó lókìkí jù fún. Ọ̀kan jẹ́ ti oògùn fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, ó pín in sí orí 20. Èkejì ni àkójọ ńlá tí ó sọ ọ́ di olókìkí, ìwé Al-Jami, tí ó kó egbòogi àti oúnjẹ tí ó tó 1,400 jọ. Nínú wọn, àwọn onímọ̀ ń ka nǹkan bí 300 sí èyí tí kò sí nínú ìwé àwọn aṣáájú rẹ̀. Ó dárúkọ àwọn òǹkọ̀wé tí ó tó 150 tí ó ti mú ọ̀rọ̀, kò sì gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó sọ ìlànà tí ó tẹ̀ lé. Ó ní òun yóò kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jọ, òun yóò sì so ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹni tí ó sọ ọ́. Ó ní ohun tí òun fi ojú rí tí òun sì dán wò ni òun yóò fi ọwọ́ sí, èyí tí ó bá sì lòdì sí ohun tí ojú rí, òun yóò jù ú sílẹ̀, bí ẹni tí ó sọ ọ́ tilẹ̀ jẹ́ àgbà. Ó tò ó ní a, b, d kí ó lè rọrùn láti wá. Ó tọ́ka sí àṣìṣe. Ó sì kó orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan jọ ní oríṣiríṣi èdè, kí ẹni tí ó wà ní Mòrókò àti ẹni tí ó wà ní Síríà lè mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn ń sọ.

Àwa náà mọ díẹ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa basal. Àwọn Lárúbáwá fi àmì tiwọn sí iwájú ọ̀rọ̀ náà, àwọn Hausa gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pè é ní albasa, àwa sì gbà á lọ́wọ́ Hausa, a ń pè é ní àlùbọ́sà. Orúkọ tí àwọn ìyá wa ń ké lọ́jà lójoojúmọ́ wà nínú ìwé náà láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n àgbàdo kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, tòmátì àti ata tí à ń lọ̀ sí ọbẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, ẹnikẹ́ni ní ìhà tiwa kò sì mọ̀ wọ́n kí ó tó di ẹ̀yìn ọdún 1492.

Ohun kan tí ìwé náà kọ́ni ni pé oògùn àti oró kò jìnnà síra wọn. Ó kọ nípa ewéko kan tí wọ́n ń pè ní surinjan, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà, tí wọ́n fi ń tọ́jú làkúrègbé tí ń wú ẹsẹ̀. Ní ọdún 1820, wọ́n yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú irú ewéko yìí jáde, àwọn dókítà ṣì ń lò ó títí di òní. Síbẹ̀ bí ó bá fi díẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, ó ń pa ènìyàn. Kí ló fà á? Igi àti ewé kò ní ẹsẹ̀ tí wọ́n lè fi sá fún kòkòrò àti ẹran. Nítorí náà, Ọlọ́hun fi agbára ṣíṣe ohun kíkorò àti oró sí wọn lára, láti fi ṣọ́ ara wọn. Oró tí ń lé kòkòrò yìí, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré tó, ni ó ń di oògùn lára wa. Àwọn ìyá wa mọ èyí láìka ìwé. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, wọ́n sì mọ̀ pé bí wọ́n kò bá rẹ́ ẹ, kí wọ́n dì í sínú àpò kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó yan án, gàrí náà kò ní ṣeé jẹ láìsí ewu.

Ìwé náà kò fi olú sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa èyí tí ó ṣeé jẹ àti èyí tí ń pani, ó sì sọ̀rọ̀ nípa kam'a, irú olú kan tí ó máa ń wà lábẹ́ iyanrìn aṣálẹ̀, tí kò ní ewé, tí kò ní igi. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ka kam'a mọ́ mánà, ó sì mẹ́nu kan oore tí omi rẹ̀ ń ṣe fún ojú. Àwọn onímọ̀ sì ti ṣàlàyé oríṣiríṣi nípa bí a ṣe ń lò ó. Àwọn Lárúbáwá aṣálẹ̀ ń pè é ní ọmọbìnrin àrá, nítorí pé ẹ̀yìn òjò tí àrá bá sán ni wọ́n máa ń rí i. Ayé àtijọ́ ka olú mọ́ ewéko. Lónìí a mọ̀ pé kì í ṣe ewéko rárá. Ewé ń fi oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, nítorí rẹ̀ ni ó ṣe ní àwọ̀ ewé. Olú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe ni ó ń jẹ. Ohun tí a ń rí tí a ń já jẹ́ bí èso rẹ̀ lásán. Ara rẹ̀ gan-an wà nínú ilẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì nà káàkiri. Kam'a a máa so okùn rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ewéko aṣálẹ̀ kan, á máa bá a fa omi àti iyọ̀ ilẹ̀, ewéko náà á sì máa fún un ní adùn tí ó ti inú oòrùn ṣe. Òwò pàṣípààrọ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Tiwa ń bẹ pẹ̀lú. Olú ọ̀gán tí à ń já lẹ́yìn òjò, ikán ni ó ń dáko rẹ̀. Ikán á kó igi gbígbẹ wọlé, á fi bọ́ olú nínú ọ̀gán, ikán á sì jẹ nínú ohun tí olú náà bá sọ igi yẹn dà. Ẹni tí ó bá já olú ọ̀gán, oko ẹlòmíràn ni ó já a.

Ìbátan olú ni ìwúkàrà tí ń mú kí búrẹ́dì wú. Ìbátan rẹ̀ tún ni ohun tí ń hù bí òwú sára búrẹ́dì tàbí èlùbọ́ tí ó bá bu. Láti ara irú èyí ni Alexander Fleming ti rí oògùn pẹnisílínì ní ọdún 1928, oògùn tí ó ti gba ẹ̀mí àìlóǹkà là. Ṣùgbọ́n kí èyí má tàn wá jẹ. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wádìí, inú ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n fi bọ́ wọn ni oró náà wà. Ẹ̀pà náà ti bu. Oró yìí máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bí ó bá sì pẹ́ lára, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní ọdún 2004, àgbàdo tí ó bu pa ènìyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Sísè àti yíyan kò lè pa oró náà tán, bẹ́ẹ̀ ni gbígbọn èlùbọ́ tàbí títún un sá kò lè mú un kúrò.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹ̀pà, àgbàdo àti èlùbọ́, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Ibn al-Baytar ti kàn yín. Ẹ sá ọjà gbẹ dáadáa kí ẹ tó dì í sínú àpò. Ẹ má gbé e sílẹ̀ lásán, ẹ fi igi tàbí pákó tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí òjò jò sí i. Èyí tí ó bá bu, ẹ ṣà á dànù. Mo mọ̀ pé owó ni. Ẹni tí ó bá da àpò kan nù, èrè ọ̀sẹ̀ kan lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pò ó mọ́ èyí tí ó dára, tí ó lọ̀ ọ́ tí ojú kò lè rí i mọ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni ó fi san gbèsè rẹ̀. Jìbìtì tí àwọn alábòójútó ọjà Káírò ń wá kiri nìyẹn.

Ibn al-Baytar kú ní Damásíkù ní oṣù Ṣàábánì, ọdún Híjírà 646, tí í ṣe ọdún 1248. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ìlú Seville, níbi tí ó ti kọ́kọ́ fa ewé tu pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, bọ́ sí ọwọ́ ọba Castile lẹ́yìn ogun gígùn. Ọ̀gá rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú. Málaga tí wọ́n ti bí i tẹ̀ lé e ní ọdún 1487. Àwọn ìlú náà lọ, àwọn ọba tí ó sìn lọ, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Íjíbítì ní ọdún 1874, Lucien Leclerc sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé láàárín ọdún 1877 sí 1883.

A kò sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni ó tọ̀nà. Ènìyàn ni, ó sì kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan jọ tí ìwádìí òní kò fi ọwọ́ sí. Bí ó bá wà láyé, ó dá wa lójú pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jù wọ́n sílẹ̀, nítorí ìlànà tí ó fi lélẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tí ń ta ewé, kí ó mọ ohun tí ó ń tà dájú. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ń rà á, kí ó béèrè, kí ó sì sọ ohun tí ó ń mu fún dókítà. Ẹni tí ó mọ oògùn tí ó dára, kí ó má gbé e lọ sínú sàréè. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní kẹ́ wa, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí òwò wa. Àmín.